Epo wo ló bá ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mu? A yẹ ti ilé epo wò, a yẹ ti inú ìgò wò

Ẹni tó bá ní Volkswagen Ìjàpá lónìí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì láti 1975, ì báà jẹ́ èyí tó ti Jámánì wá ṣáájú ìgbà yẹn, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Ọkọ̀ àtijọ́ ni, epo olówó iyebíye ni kó o máa rà fún un. Fi oògùn ọ̀kítéènì sí i. Má gbàgbé oògùn lẹ́ẹ̀dì o, torí epo ayé ìgbà yẹn ní lẹ́ẹ̀dì nínú." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń náni lówó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tó ṣì wà bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ ń bèèrè. Epo tí kò lómi, tí wọn ò bu kẹrosíìnì là, tí ọtí inú rẹ̀ (ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí mẹ́tánọ́ọ̀lù) kò pọ̀, ló ń fẹ́. Ìyẹn la fi díwọ̀n gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò níbí. Àwọn tó ní Peugeot 504, Morris Minor tàbí MGB yóò rí tiwọn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yà.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ọ̀kítéènì kì í ṣe agbára epo. Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè rọ́jú tó nígbà tí písítínì bá ń fún un pọ̀, kó má baà gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé bá a. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo pọ̀ gan-an ló nílò nọ́ńbà ńlá. Ìjàpá 1200 ń fún tiẹ̀ pọ̀ ní 7.0 sí 1; 1300, 1500 àti 1600 wà ní 7.5 sí 1, àwọn 1600 mìíràn ní 7.3. Kékeré nìyẹn. Ìwé ìlò tó bá 1300 sókè wá, 91 ló kọ síbẹ̀. PMS kan ṣoṣo tí à ń rà ní ilé epo Nàìjíríà, 91 náà ni ìlànà rẹ̀. Ó parí. Ẹni tó bá rọ 99 sínú irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rí àǹfààní kankan, ì báà jẹ́ lórí eré, ì báà jẹ́ lórí bó ṣe ń jẹ epo. Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tó bá rí 87 lára pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á níbẹ̀ ló yàtọ̀, 87 tiwọn kò jìnnà sí 91 tiwa.

Ohun mẹ́ta ló lè mú kí 91 má tó Ìjàpá mọ́. Èkíní, bí wọ́n bá ti fá orí síléńdà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, kọ̀ǹpíréṣọ̀n, ìyẹn bó ṣe ń fún epo pọ̀ tó, ti gòkè nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, èédú tó dì mọ́ orí písítínì, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì tàbí tó jẹ́ pé inú ìlú nìkan ló ń rìn. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù: táímìnnì, ìyẹn àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń tàn, tí wọ́n fi etí tò, tí iná fi ń yá ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmì rẹ̀ ni nọ́ọ̀kì. Nọ́ọ̀kì tí à ń wí yìí kọ́ ni ti "ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì" tí mẹ̀káníìkì máa ń fi kéde ikú o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní lè bí èkejì. Ìró kíkankíkan ni, bí ìgbà tí èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì, ó sì máa ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lórí gíà kẹta níbi òkè. Nínú 504, ẹ ó gbọ́ ọ kedere. Nínú Ìjàpá, ariwo fáànù máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí písítínì ọ̀pọ̀ Ìjàpá fi ń jó láìjẹ́ pé ọlọ́kọ̀ gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ojú ni kẹ́ ẹ lò. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sáré dáadáa, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo funfun tó yí irin àárín ká. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ búráwùn fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì mọ́, kò séwu. Bí ẹ bá rí èérún dúdú bí iyèré tí a lọ̀, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà tóótòòtó, alumíníọ́mù orí písítínì ló ń yọ́ nìyẹn. Ti síléńdà kẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: nínú ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú 1971, kúlà ọ́ìlì ló dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, òun ló sì máa ń gbóná jù.

Kẹ́ ẹ tó lọ ra ohunkóhun, ẹ tún táímìnnì tò. Àlàfo kọ̀ǹtáàkì inú dísíbútọ̀ ni kó ṣáájú, 0.4 mm, torí bí àlàfo yẹn bá yí, táímìnnì náà yóò yí tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, bí dísíbútọ̀ yín bá jẹ́ Bosch 009 tó gbilẹ̀ láàárín wa, ẹ fi iná táímìnnì wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan: kí iná wà láàárín 28° sí 32° kí písítínì tó dé òkè, kó má kọjá 32°. Ẹni tó bá kàn tò ó lójú kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kò tíì mọ ibi tí yóò já sí lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

504 tó ní ẹ́ńjìnnì XN1, 1,971 cc, ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. 8.8 sí 1 ni kọ̀ǹpíréṣọ̀n rẹ̀, epo súpà ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Tó bá kó èrò márùn-ún tó ń gun òkè lórí 91, yóò ké. Ẹ dá iná rẹ̀ sẹ́yìn 2°, kẹ́ ẹ tún gbé e gun òkè kan náà. Bó bá ṣì ń ké, 2° sí i. Ẹ má kọjá 4° lápapọ̀: iná tó bá pẹ́ jù ń gbé ooru lọ sí fááfù ẹgisọ́ọ̀sì, ọkọ̀ á sì máa gbóná.

Epo tó wà nínú táǹkì gan-an

Ibi tí ìyà epo wa ti ń wá rèé, kì í ṣe inú nọ́ńbà. Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé epo tó wọlé ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ju bí òfin ṣe gbà láàyè lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì tipa rẹ̀ dákú sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tuntun tó ní kọ̀ǹpútà lè tan iná ìkìlọ̀. Ìjàpá kò ní iná kankan tí yóò tàn. Kábúrétọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ìdánwò méjì ló tó, kò sì gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ti àkọ́kọ́ ni bébà. Ẹ kán epo kan ṣoṣo sórí bébà funfun tí kò dán, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Epo tó dáa yóò fò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú bébà yóò sì padà sí bó ṣe wà. Bó bá fi òrùka tó ń dán sílẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń jọ ti síítóòfù, wọ́n ti bu kẹrosíìnì tàbí dísù là á. Kẹrosíìnì ń fa ọ̀kítéènì wálẹ̀, ó sì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri síléńdà.

Èkejì ni ìgò onílà. Ẹ wá sílíńdà gíláàsì 100 ml tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe kẹ́mísìrì. Ẹ bu omi sí i títí dé ìlà 10, kẹ́ ẹ wá rọ epo lé e lórí dé ìlà 100. Ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ mì í pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣí i díẹ̀ kí ooru jáde, kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀ títí omi àti epo yóò fi pínyà. Ọtí kò lè bá epo gbé tó bá rí omi. Yóò sá lọ bá omi nísàlẹ̀. Bí ìlà omi bá ṣì wà ní 10, kò sí ọtí nínú epo yín. Bó bá gòkè dé 14, ọtí 4 ml ló wà nínú epo 90 ml, ìyẹn bí 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Epo E10 ti Ìlú Ọba, tí ọtí inú rẹ̀ lè dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò gbé ìlà náà sún mọ́ 19. Ìdánwò yìí kò lè sọ bóyá ẹ́tánọ́ọ̀lù ni tàbí mẹ́tánọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n epo tó bá ju 12 lọ l'Ékòó, ẹ má ṣe gbé e sínú Ìjàpá. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí iná àti sìgá jìnnà.

Ní ti omi, ẹ má ra epo nígbà tí táńkà bá ń já epo lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kàǹga epo tó ru sókè kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ìgbà òjò ló burú jù. Epo inú kẹ́ẹ̀gì etí ọ̀nà, àwa kò ní fún un ní máàkì kankan.

Látìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti di ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé, epo lítà 20 ń dùbúlẹ̀ sínú táǹkì fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú epo ló kọ́kọ́ ń fò lọ, èyí tó kù sì ń di oje bí ti igi. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: òórùn rẹ̀ á dà bíi fánísìì, ọkọ̀ á ṣòro láti jí láàárọ̀, tó bá sì jí, kò ní lè dúró tí ẹ ò bá tẹ tọ́tù, torí jẹ́ẹ̀tì kékeré (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà) inú kábúrétọ̀ Solex ti dí. Ẹ má ki wáyà bọ inú jẹ́ẹ̀tì yẹn o. Ihò rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀; wáyà á fẹ̀ ẹ́. Kábúrétọ̀ kílínà àti afẹ́fẹ́ ti tó.

Oògùn inú ìgò

Òkè ìgò ọ̀kítéènì búsítà la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń fi "30 points" kún un, kì í ṣe pé 91 yóò di 121. Nínú òwò yẹn, points mẹ́wàá ni nọ́ńbà kan, nítorí náà 91 yóò di 94, ìyẹn tí ẹ bá da gbogbo ìgò náà sínú iye epo kékeré tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn ni máńgáníìsì, òun ló ń kun púlọ́ọ̀gì ní àwọ̀ ọsàn. Àwọn tó rọjú máa ń lo oògùn tó ní irin nínú, ìpẹtà pupa tó ń fi sílẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì sì ń gbé iná gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ṣẹ́. Fún Ìjàpá tí wọn ò fá orí rẹ̀, owó ṣòfò. Fún 504 tó ń rin ìrìn àjò pẹ̀lú ẹrù, ó lè ran ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n 2° táímìnnì kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Oògùn lẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́? Lẹ́ẹ̀dì inú epo ayé ìgbà yẹn ṣe iṣẹ́ méjì: ó gbé ọ̀kítéènì sókè, ó sì fi eruku tín-ín-rín bo ibi tí fááfù ẹgisọ́ọ̀sì ń jókòó sí, kí irin má baà lẹ̀ mọ́ irin nígbà tó bá gbóná. Ìlú Ọba fòpin sí títa rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2000. Áfíríkà gúúsù Sàhárà kò lò ó mọ́ nígbà tí 2006 fi wọlé. Àlùjíríà ló ṣe ìkẹyìn lágbàáyé, ní 2021. Ìjàpá kò sunkún rẹ̀, torí alumíníọ́mù ni orí síléńdà rẹ̀, òrùka irin líle ni wọ́n sì kì bọ inú rẹ̀ fún fááfù láti jókòó lé. Ohun tó ń pa fááfù Ìjàpá ni ooru. Bí ẹ bá rí i pé àlàfo fááfù ẹgisọ́ọ̀sì kan, pàápàá ti síléńdà kẹta, ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n (0.15 mm ló yẹ kó jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù), ọrùn fááfù náà ló ń nà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já sórí písítínì. Oògùn kankan kò wo ìyẹn sàn.

Morris Minor ni kó ra oògùn lẹ́ẹ̀dì. Irin dídà lásán ni orí síléńdà ẹ́ńjìnnì A-series rẹ̀, inú irin náà gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ ìjókòó fááfù. Bó bá ń sáré lórí mọ́tówéè láìsí ààbò, ìjókòó náà á máa jẹ wọlé, àlàfo 0.012 ínǹṣì á máa tán, títí fááfù kò fi ní lè dé mọ́. Ọkọ̀ tó kàn ń lọ ra búrẹ́dì tó ń padà wálé kò fi bẹ́ẹ̀ séwu. Valvemaster, tó jẹ́ ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, rọrùn láti wọ̀n: 1 ml fún lítà kan. VSPe Power Plus ti Millers jẹ́ ti máńgáníìsì, ó sì ń gbé ọ̀kítéènì díẹ̀ sókè, ìyẹn la fi fẹ́ràn rẹ̀ fún MGB tó wà ní 8.8 sí 1. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ dúró tì í. Bí oògùn onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pàdé ti máńgáníìsì tàbí ti pòtásíọ́mù nínú táǹkì kan, wọ́n lè da iṣẹ́ ara wọn rú. Ẹni tó bá ti ki òrùka irin líle bọ orí síléńdà rẹ̀ kò nílò èyíkéyìí.

Fún àwọn ará Ìlú Ọba

Látìgbà oṣù Kẹsàn-án 2021, epo 95 lásán ní England, Scotland àti Wales ti di E10, ìyẹn pé ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí kan náà ló wà nínú ògógóró, ìwà rẹ̀ kò sì yí padà: ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ń fọ nǹkan, ó sì ń jó pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó kéré. Nínú kábúrétọ̀ tí kò lè tún ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn já sí pé epo á kéré fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù á sì máa gbóná ju ti tẹ́lẹ̀. Agbára inú E10 fi bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti epo tí kò ní ọtí. E10 lè gbé omi bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, bí 50 ml nínú lítà 10. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òtútù bá mú, ọtí àti omi á jọ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ibẹ̀ gan-an ni páìpù ti ń fa epo. Ìpẹtà táǹkì, eruku funfun inú kábúrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ń tibẹ̀ wá. E10 kò gba máàkì lọ́dọ̀ wa fún ọkọ̀ tó ń dúró sí gáréèjì. Bí kò bá sí òmíràn lójú ọ̀nà, ẹ rọ lítà mélòó kan, kẹ́ ẹ sì lò ó tán lọ́sẹ̀ kan náà.

Súpà tó ní àmì E5 ni kẹ́ ẹ máa rà: Shell V-Power, Momentum99 ti Tesco, Synergy Supreme+ ti Esso. 99 ni nọ́ńbà wọn. MGB ń lo nọ́ńbà yẹn. Ìjàpá kò lò ó, ọtí tó kéré ni Ìjàpá ń san owó fún. E5 kò túmọ̀ sí pé ọtí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀ dandan, ó lè kéré sí i. Ìgò onílà yẹn ni kẹ́ ẹ fi wò ó, epo ilé epo kan sí èkejì.

Epo inú agolo, irú Sunoco Optima 98 tí kò ní ẹ́tánọ́ọ̀lù rárá, dára ju gbogbo wọn lọ, owó rẹ̀ sì le ju kí èèyàn máa fi rìn lójoojúmọ́. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ rẹ̀. Òfin gbà yín láàyè láti tọ́jú epo lítà 30 sílé, agolo oníke kò gbọ́dọ̀ ju lítà 10 lọ, ti irin kò gbọ́dọ̀ ju 20.

Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì kan gbogbo wa, Èkó tàbí London. Lẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú ni táǹkì rẹ̀ wà, họ́ọ̀sì tó sì gbẹ lókè dísíbútọ̀ ni Ìjàpá fi ń jóná. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára, inú rẹ̀ ní Viton, irú rọ́bà kan tí ọtí kò lè jẹ. R7 tí wọ́n ń tà nílé ìtajà gbogbo kò lè fara da ẹ́tánọ́ọ̀lù pẹ́. Ihò rẹ̀ kó jẹ́ 5.5 mm. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní ínǹṣì, ìdá kan nínú mẹ́rin, tóbi díẹ̀ ju páìpù 6 mm lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe fún kílíìpù tó, yóò máa yọ́ epo. Ẹ gbé fílítà kúrò nínú ilé ẹ́ńjìnnì lọ sí abẹ́ táǹkì. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ mi páìpù idẹ tó wọ ẹnu Solex: bó bá ń mì, yóò já lọ́jọ́ kan lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Ẹni tó bá ra kábúrétọ̀ tó ti Brazil wá, kó fara balẹ̀. Wọ́n ṣe Ìjàpá níbẹ̀ títí di 1996, ibẹ̀ náà ni Brasília tí a mọ̀ sí Igala nílé ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n epo wọn ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, àwọn ọkọ̀ kan níbẹ̀ sì ń mu ọtí nìkan. Jẹ́ẹ̀tì wọn tóbi. Bí púlọ́ọ̀gì yín bá dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́yìn tí ẹ gbé e sí i, jẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó bú epo.

Tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ gáréèjì fún òtútù, ẹ lo E5 tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀, kẹ́ ẹ rọ epo agolo kún táǹkì kí àyè afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kí epo tuntun lè dé inú kábúrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ pa á.